Dókítà Baikie àti Ẹ̀dá Abẹ̀mí inú Odò Ọya

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó ti ṣòwò ní Onitsha fún oṣù mélòó kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà, Bekee. Bekee ni àwọn Ígbò ń pe òyìnbó aláwọ̀ funfun, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sì fi ń pe èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé láti ara orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, dókítà kan tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté Onitsha ní oṣù Keje ọdún 1857. William Balfour Baikie ni orúkọ dókítà náà. Bóyá lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ara rẹ̀ jáde, bóyá bẹ́ẹ̀ sì kọ́, ìtàn ẹni tí ó ní orúkọ yìí tó fún gbogbo ẹni tí ń gbé lẹ́bàá Odò Ọya láti mọ̀.

Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá ibùdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi oògùn quinine ṣẹ́gun ibà lójú omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé, kí ó tó di aṣojú ìjọba, iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fà sí jù lọ ni kíkọ àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí: ẹranko, ẹyẹ àti ẹja, pàápàá jù lọ àwọn tí ń gbé inú òkun àti inú odò. Inú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù lọ nínú ayé rẹ̀ wà fún wa lónìí.

ỌMỌ ERÉKÙṢÙ

Ní nǹkan bí ọdún 1825 ni a bí Baikie ní ìlú Kirkwall, olú ìlú àwọn erékùṣù Orkney, tí ó wà ní àríwá ilẹ̀ Scotland. Ọ̀gágun ojú omi ni baba rẹ̀, John Baikie. Ní Orkney, ibi yòówù kí ènìyàn dojú kọ, òkun ni yóò rí. Inú òkun ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ, etí òkun ni wọ́n ti ń ṣòwò, òkun kan náà ni ó sì ń gbé òkú àwọn apẹja padà wá sí etí ilẹ̀ ní àkókò ìjì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọmọ tí ó dàgbà sí irú ibẹ̀ fẹ́ràn láti mọ orúkọ àti ìṣe ohun gbogbo tí ń mí nínú omi náà.

Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh. Ní ọdún 1848, nígbà tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Robert Heddle, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n fún ní orúkọ Látìn, Historia Naturalis Orcadensis. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti to àwọn ẹran tí ń fọ́mọ lọ́mú àti àwọn ẹyẹ tí a ti rí ní Orkney lẹ́sẹẹsẹ: èyí tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, àti èyí tí a kò rí mọ́.

Nínú àwọn tí a kò rí mọ́ ni ẹyẹ òkun ńlá kan wà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní great auk. Ẹyẹ yìí tóbi tó tòlótòló. Kò lè fò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lọ́dún, orí àpáta létí òkun ni ó sì ń yé e sí, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti lè tó o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn atukọ̀ fi pa á ní ogunlọ́gọ̀ fún ẹran rẹ̀, fún ọ̀rá rẹ̀ àti fún ìyẹ́ rẹ̀. Takọtabo kan péré ni ó kù ní Orkney, ní erékùṣù Papa Westray. Wọ́n pa abo. Ní ọdún 1813, wọ́n yìnbọn pa akọ, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí London láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Baikie àti Heddle kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá tí ẹyẹ náà kò ti wá sí Orkney mọ́.

Ohun tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ ni pé kì í ṣe Orkney nìkan ni ẹyẹ náà ti kúrò. Ní ọdún 1844, ìyẹn ọdún 4 kí ìwé wọn tó jáde, ni àwọn apẹja ti pa takọtabo tí ó kẹ́yìn tí a mọ̀, ní erékùṣù Eldey lẹ́bàá ilẹ̀ Iceland. Ẹ̀dá tí wọ́n rò pé ó kàn lọ sí ibòmíràn ti parẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń kọ orúkọ ẹ̀dá tí ó ti kú tán, òun kò sì mọ̀.

ÌRÌN ÀJÒ PẸ̀LÚ ÀJÀYÍ CROWTHER

Ọdún 1848 náà ni Baikie wọ iṣẹ́ ológun ojú omi gẹ́gẹ́ bí dókítà. Láti ọdún 1851 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Haslar ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Sir John Richardson ti jẹ́ àgbà dókítà. Richardson kì í ṣe oníṣègùn lásán; ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹja ní àkókò náà. Ẹni tí ó bá bá ọlọ́gbọ́n rìn yóò gbọ́n. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá dókítà tí yóò tún jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí nínú ọkọ̀ tí yóò lọ sí Odò Ọya ní ọdún 1854, Baikie ni wọ́n yàn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń sáré sí. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ 3 ni ìjọba náà ti rán wọ Odò Ọya, ibà sì pa àwọn òyìnbó tí ó lé ní 40 láàárín oṣù díẹ̀. Nínú ìrìn àjò yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogùn kan wà, Samuel Àjàyí Crowther, tí ojú rẹ̀ rí ohun gbogbo. Òun náà ni ó tún bá Baikie wọ ọkọ̀ Pleiad ní ọdún 1854. Simon Jonas, ọmọ Ígbò tí ó wá láti Sàró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀.

John Beecroft ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n ó ti kú ní erékùṣù Fernando Po kí ọkọ̀ tó dé. Báyìí ni ipò olórí bọ́ sí ọwọ́ Baikie, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó fi dandan lé e pé kí gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo quinine lójoojúmọ́, kí ibà tó mú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti mú wọn. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Afẹ́fẹ́ burúkú láti inú irà ni wọ́n rò pé ó ń fà á. Síbẹ̀, oògùn náà ṣiṣẹ́. Pleiad gba Odò Ọya gòkè, ó kọjá Abọ̀ àti Onitsha, ó dé ibi ìpàdé odò méjèèjì, ó sì yà sí Odò Bẹ́núé, ó rìn tó nǹkan bí máìlì 250 kọjá ibi tí ọkọ̀ òyìnbó kankan ti dé rí. Lẹ́yìn ọjọ́ 118 lórí odò, wọ́n padà dé ẹnu òkun, ẹnì kan ṣoṣo kò sì kú.

Ara iṣẹ́ tí a rán wọn ni kí wọ́n wá Heinrich Barth, ará Jámánì tí ó ti la aginjù kọjá wá sí ilẹ̀ Bornu. Wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ìrìn àjò náà fi hàn ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ṣeé ṣe fún ènìyàn láti wọ inú odò náà, kí ó wò ó, kí ó kọ ohun tí ó rí, kí ó sì padà sílé láàyè. Kí èyí tó ṣeé ṣe, kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí a lè kọ́ nípa ohun tí ń gbé inú rẹ̀.

ẸRAN TÍ Ń JẸ́ AYÚ

Láàárín àwọn ẹ̀dá tí ń gbé Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé, ọ̀kan wà tí ó gba ọkàn àwọn onímọ̀ ìgbà náà. Àwọn Haúsá ń pè é ní ayú. Inú omi ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mí, nítorí náà kò lè ṣàì yọ imú sókè omi ní ìgbà dé ìgbà. Ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Koríko etí odò àti ewé inú omi ni oúnjẹ rẹ̀. Ó lè gùn tó mítà 3, ó sì lè wúwo ju 400 kìlógíráàmù lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ sì ń tó ọdún kan nínú.

Ẹran yìí ni ó fi hàn kedere pé òkun àti odò kì í ṣe ohun méjì. Láti etí òkun Senegal títí dé Angola ni ó ń gbé. Ó wà nínú ọ̀sà, ó wà ní ẹnu odò níbi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi dídùn, ó sì ń gòkè nínú odò lọ jìnnà sí òkun, títí dé ilẹ̀ Mali. Ohun tí a bá ṣe fún odò ní Onitsha, ọmọ òkun ni a ṣe é fún.

Eduard Vogel, ará Jámánì tí wọ́n pa ní Wadai ní ọdún 1856, ti fi ìròyìn ayú inú Odò Bẹ́núé ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Láti ara ìròyìn yìí ni Richard Owen, àgbà onímọ̀ ní London, ti rò pé irú ọ̀tọ̀ kan ni, ó sì fi orúkọ Vogel pè é. Ní ọdún 1857, àwùjọ àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ní London tẹ àlàyé kan jáde tí Baikie kọ nípa agbárí irú ẹran yìí láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ fi ẹnu kò pé irú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn láti Senegal dé Angola. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ: ẹnì kan yóò gbọ́ ìròyìn, ẹlòmíràn yóò wọn eegun, ẹnì kẹta yóò tún àṣìṣe àwọn tí ó ṣáájú ṣe. Bí a kò bá kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kò sí ohun tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún ṣe.

ONITSHA, ỌDÚN 1857

Ní ọdún 1857, Baikie tún padà wá, ọkọ̀ Dayspring ni ó sì gbé e wọ Odò Ọya. Crowther tún wà pẹ̀lú rẹ̀, àti àlùfáà John Christopher Taylor, ọmọ Ígbò tí a bí ní Sàró. Ní òpin oṣù Keje ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Onitsha. Wọ́n lọ kí Obi Akazua, ọba ìlú náà, ó sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìjọ C.M.S. ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ígbò. Macgregor Laird, oníṣòwò tí ó ni ọkọ̀ náà, tún fi ilé ìtajà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn tí ó ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Kí ọmọ Yorùbá tí ń gbé Onitsha lónìí má ṣe rò pé òun ni àkọ́dé.

Dayspring tẹ̀ síwájú kọjá ibi ìpàdé odò, ó ń lọ sí apá òkè. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ìṣàn omi tí ó le gbé e lu àpáta ní Jẹ́bà, ó sì rì. Wọ́n yọ ohun tí wọ́n lè yọ, wọ́n sì pàgọ́ sí etí odò. Ó tó ọdún kan gbáko kí ọkọ̀ mìíràn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín àkókò yìí ni ọ̀gágun John Hawley Glover, tí ó wà nínú wọn, fi ẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti wá oúnjẹ àti ìrànlọ́wọ́. Òun ni ó wá di olórí ìjọba ní Èkó lẹ́yìn náà, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà.

Nínú àwọn tí ó wà ní àgọ́ náà ni Charles Barter wà, tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní ọgbà ohun ọ̀gbìn ti Kew ní London. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíkó ewé, òdòdó àti èso jọ, kí ó gbẹ wọ́n, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní Rabba, ní ilẹ̀ Tápà, ní ọdún 1859. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀mí ènìyàn ni owó tí a fi ra ìmọ̀ nípa odò yìí.

ILÉ RẸ̀ NÍ LỌ́KỌ́JA

Nígbà tí ó yá, àwọn ẹlẹgbẹ́ Baikie padà sí ilẹ̀ wọn. Òun kò lọ. Ó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Bẹ́núé ti ń wọ inú Odò Ọya, ó bá Masaba, ọba Tápà, ṣe àdéhùn, ó la ọ̀nà, ó sì dá ọjà sílẹ̀. Ó jẹ́ dókítà, ó jẹ́ onídàájọ́, ó sì tún jẹ́ olùkọ́. Ìgbà mìíràn wà tí oṣù púpọ̀ yóò kọjá kí ọkọ̀ kan tó mú lẹ́tà dé.

Ní ibẹ̀ ni ó ti fi ara jin kíkọ́ èdè. Ó kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú èdè tí ó tó nǹkan bí 50, ó sì túmọ̀ apá kan nínú Bíbélì àti ìwé àdúrà sí èdè Haúsá. Àwọn kan lè rò pé èyí kò kan ọ̀rọ̀ ẹja àti ẹran omi. Ó kàn án gan-an. Apẹja tí ó ti ń na àwọ̀n láti kékeré mọ oṣù tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń yé, ó mọ ibi tí ayú ti ń jẹko ní òru, ó sì mọ èyí tí ó ti dín kù láti ìgbà ayé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi èdè rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè apẹja kò lè bi í ní ìbéèrè, bí ó bá sì bi í, kò ní mọ ohun tí a fi dá a lóhùn. Orúkọ náà, ayú, tí ó dé London, láti ẹnu àwọn ará odò ni ó ti jáde.

Ó yẹ kí a sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Baikie í ṣe, ọ̀nà tí ó là ni òwò àti ìjọba òyìnbó gbà wọlé. Ìjọba náà ti ibùdó Lọ́kọ́ja pa ní ọdún 1869, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá: ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́ja kan náà ni Lugard ti fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè lórí àríwá Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Vogel, Owen, Barter àti Baikie wà nínú ìwé títí di òní, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wá orúkọ àwọn ọdẹ àti apẹja tí ó mọ ẹran náà kí òyìnbó tó gbọ́ nípa rẹ̀, kì í rí i nínú ìtàn tí a ń kà. Ìmọ̀ wọn lọ sí London. Orúkọ wọn dúró sí etí odò.

Ní ọdún 1864, Baikie gba ìsinmi láti lọ sílé. Kò dé ibẹ̀. Sàró ni ó kú sí ní ìparí ọdún náà, kò sì tíì pé ẹni ogójì ọdún. Wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ sínú ìjọ ńlá St. Magnus ní Kirkwall. Onímọ̀ nípa ewéko kan, George Bentham, fi orúkọ rẹ̀ sọ irú igi kan ní Áfíríkà: Baikiaea.

AYÚ NÍ ÒDE ÒNÍ

Ẹyẹ tí Baikie kọ orúkọ rẹ̀ ní ìgbà èwe ti parẹ́. Ẹran tí ó kọ̀wé nípa agbárí rẹ̀ ṣì wà láàyè. Iyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò pọ̀ tó bí ènìyàn ti lè rò. Ẹyin kan lọ́dún ni ti ẹyẹ náà. Ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan ni ti ayú. Ẹ̀dá tí kì í bí púpọ̀ kò lè fara da pípa púpọ̀. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé gbogbo ayú tí ó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal dé Angola, kò tó 10,000.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ka ayú mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ tàbí kí ó ṣòwò wọn. Ní ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tí ó pàdé ní Bangkok tún gbé e sí ipò tí ó ga jù lọ nínú àdéhùn CITES, èyí tí ó dáwọ́ òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn dúró. Ṣùgbọ́n òfin kì í wẹ̀ nínú odò. Àwọ̀n a máa mú ayú pẹ̀lú ẹja, ẹran rẹ̀ sì níye lórí lọ́jà.

Yàtọ̀ sí ọdẹ, odò fúnra rẹ̀ ti yí padà. Dáàmù Kàínjì tí a parí ní ọdún 1968, àti ti Jẹ́bà tí ó tẹ̀ lé e, dí odò náà lọ́nà tí ẹran omi kò fi lè gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí ti àtijọ́. Àwọn tí ó wà lókè dáàmù ti di ẹni tí a sé mọ́. Dáàmù kan náà ni ó ń dá ẹrẹ̀ dúró, ẹrẹ̀ tí ì bá lọ bọ́ àwọn igbó ẹ̀gbà inú omi iyọ̀ ní ẹnu odò, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹja òkun ti ń tọ́ ọmọ. Láti ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gbígbẹ́ ìsàlẹ̀ Odò Ọya láti Warri dé Baro kí ọkọ̀ lè máa gbà á kọjá. Àwọn tí ń wa yanrìn ń ṣe tiwọn. Ọ̀rá àti ike tí a ń jù sínú gọ́tà ní Onitsha, odò ni òjò ń gbé wọn lọ, odò sì ń gbé wọn dé òkun. Edé ńlá inú odò tí àwọn ará Onitsha ń jẹ, ẹnu òkun ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà kí ó tó gòkè padà. Bí ẹnu òkun bá bàjẹ́, ọjà Onitsha ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Síbẹ̀, àǹfààní tí ó wà lónìí kò sí ní ìgbà ayé Baikie. A mọ ohun tí ń fa ibà. A kò ní láti kó eegun lọ sí London kí ẹnì kan tó wọ̀n ọ́n: láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa òkun ti wà ní Èkó, èyí tí ó ń ṣe ìwádìí nípa odò wà ní New Bussa lẹ́bàá adágún Kàínjì, àwọn yunifásítì sì wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí odò náà ń ṣàn kọjá. Ní ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀. Ohun tí ó ṣì ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò dúró sí ojú kan fún ọdún púpọ̀, tí yóò gbọ́ èdè àwọn tí ń gbé ibẹ̀, tí yóò sì máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Onitsha, Lọ́kọ́ja, Makurdi tàbí Yola ní ipa tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ó mọ àrọ̀, ó mọ ẹpìyà, ó mọ ọ̀bọ̀kún. Aládùúgbò rẹ̀ sì mọ orúkọ wọn ní èdè tirẹ̀. Kí ó bi àgbà apẹja léèrè èyí tí ó pọ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, èyí tí ó ti dín kù, àti ọdún tí ó rí ayú kẹ́yìn. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ apẹja náà mọ́ ọn. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá rí i pé wọ́n ń ta ẹran ayú, kí ó má ṣe rà á.

Àwọn ará Orkney kò mọ ọjọ́ tí ẹyẹ wọn parẹ́ kúrò láyé. Nígbà tí wọ́n ṣì ń retí kí ó padà wá, ó ti tán. Ayú ṣì ń yọ imú sókè nínú Odò Ọya. Ẹni tí ó bá ń gbé etí odò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí kò bá yọ ọ́ mọ́.